Ìbejì Mi Wà ní Ìlọrà, Èmi Wà ní Ìbàdàn

Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó o wá ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí ìjókòó nítorí pé o ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kí èémí rẹ má há, jọ̀wọ́, má kà á tán kó o tó dìde. Pe ẹni tó wà nítòsí rẹ kó gbé ọ lọ sí ọsibítù. Tó o bá ti dé ọ̀hún, tí wọ́n sì ti ń tọ́jú rẹ, o lè wá kà á parí. Èmi náà jókòó bẹ́ẹ̀ rí. Àárẹ̀ ìbejì ni wọ́n ní ó ń ṣe mí, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Orúkọ mi ni Ráfátù. Ìlọrà ni wọ́n ti bí mi, Fìdítì ni mo ti lọ́kọ, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Jóbẹ̀lẹ̀ ni mo ti ń ṣe tíṣà. Wàsíù ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á wọ mọ́tò lọ, tó bá di ìrọ̀lẹ́, á dé. A ti retí ọmọ fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí oyún wá dúró, tí wọ́n ya fọ́tò inú mi, tí wọ́n ní méjì ni, ńṣe ni Wàsíù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá. Ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì lè dìde.

Ẹsẹ̀ mi ti wú kí n tó bí. Nígbà tó yá, bàtà tèmi kankan ò wọ̀ mí mọ́, àfi sílípáàsì Wàsíù. Gbogbo ẹni tó rí mi ló ń fi mí ṣàwàdà. Wọ́n á ní, "Méjì lo gbé sínú, báwo lẹsẹ̀ ò ṣe ní wú?" Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ aboyún máa ń wú. Ohun tí ẹnì kankan ò sọ fún mi ni pé, bí mo bá ti bí tán, ó yẹ kí wíwú náà máa lọ sílẹ̀.

Mo bí wọn wẹ́rẹ́. Táíwò, obìnrin, ló kọ́kọ́ dé, ó ké tí gbogbo ọsibítù gbọ́. Kẹ́hìndé, ọkùnrin, tẹ̀lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti wọlé.

Lọ́jọ́ tí a ti ọsibítù dé, Àlájà, ìyá ọkọ mi, kó ẹrù rẹ̀ wá sínú yàrá wa. Òun ló ń wẹ ìbejì, òun ló ń fi òrí pa wọ́n lára, òun ló ń na apá àti ẹsẹ̀ wọn. Tó bá parí tiwọn, á gbé omi gbígbóná wá fún èmi náà, á ti aṣọ bọ inú ẹ̀, á sì máa fi tẹ̀ mí níkùn. Mi ò rí ìyá ọkọ tó tọ́jú ìyàwó jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí rántí ọ̀rọ̀ yẹn tí mo bá dé iwájú. Àwọn ará Fìdítì ń gbé ọsàn wá kí wa. Wọ́n kó o jọ sẹ́bàá ògiri iwájú ilé débi pé kò sí ọmọ àdúgbò tó ra ọsàn jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn kò lè kúrò lọ́kàn mi, torí àwọn nìkan ni mo ní. Táíwò kì í ní sùúrù, ó máa ń mu ọmú bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè. Kẹ́hìndé á kọ́kọ́ gbóòórùn mi, á mí kanlẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀. Á di ìka mi kan mú, kò sì ní fi í sílẹ̀ títí á fi sùn lọ. Nígbà míì, mo máa ń gbé àwọn méjèèjì sí ọmú lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí ẹsẹ̀ wọn á pàdé láàárín. Wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ ta ara wọn. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn, kò sì sí ohun míì tí mo ń fẹ́ láyé.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ ni mo kíyè sí i pé mi ò lè rìn láti yàrá dé balùwẹ̀ láìfọwọ́ ti ògiri sinmi. Mo rò pé àìsùn ni. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ dé. Kì í ṣe mí tí mo bá jókòó, àmọ́ bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀. Mo fi pílò kún pílò. Nígbà tí pílò ò ràn án mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sùn lórí àga, mo ń fi orí ti ògiri. Àyà mi ń lù kìkìkì bí ẹni tó sáré gun òkè, bẹ́ẹ̀ ọmọ ni mo gbé sórí ẹsẹ̀ tí mo jókòó jẹ́ẹ́. Ìró mi ò yí mi ká mọ́, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ò wù mí jẹ.

Ìmọ̀ràn wá pọ̀ nílẹ̀. Ẹnì kan ní òtútù ló wọ̀ mí lára. Ẹlòmíì ní ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ló kù sínú, kí Àlájà jẹ́ kí omi gbígbóná náà gbóná sí i. Àlájà se àgbo kún ìkòkò, ó ń bù ú fún mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ààfáà àdúgbò ka àdúrà sínú omi, mo mu ún. Obìnrin aláṣọ funfun kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa gbé omi àdúrà tirẹ̀ náà wá, ìfẹ́ ló fi gbé e wá, mo sì mu ún. Ara tí omi ti kún inú rẹ̀ ni gbogbo wa tún ń da omi sí. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa.

Wàsíù dábàá ọsibítù lẹ́ẹ̀kan. Àlájà wò ó.

"Ogójì ọjọ́ ò tíì pé," ó ní. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa gbé ọmọ méjì káàkiri kí gbogbo ojú máa wò wọ́n? Ìyàwó rẹ bí ìbejì ni, Wàsíù. Ó rẹ̀ ẹ́. Fi í sílẹ̀ kó sinmi."

Wàsíù ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, kò bá a jiyàn rí. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ní mo ń ṣàìsàn, wọ́n á gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màámi, ìyá tó bí mi, gbé ẹlùbọ́ wá kí wa láti Ìlọrà. Ó ti wá nígbà ìsọmọlórúkọ, ó padà sílé lọ sá iṣu rẹ̀ nígbà tó rí i pé mo wà lọ́wọ́ rere. Orí àga ló bá mi, tí mo fi orí ti ògiri.

"Ráfátù, kí ló dé tó o fi ń sùn níjòókòó?"

"Kò sí, Màámi. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé mò ń rì sómi."

Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibi tó tẹ̀ jìn, kò sì kún padà. Màámi ń wo ihò yẹn. Ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì lọ bá Àlájà ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ń rí wọn, mo sì ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé.

"Ẹ ṣeun, Àlájà. Ẹ ti tọ́jú ọmọ mi ju bí mo ṣe lè tọ́jú rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù lónìí."

"Ìyá Ráfátù, ogójì ò tíì pé."

"Mo mọ̀ pé kò tíì pé, Àlájà. Ṣebí ẹni tó bá wà láàyè ló ń pé ogójì?"

Ohùn Àlájà yí padà. "Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀ nírú ipò yìí kì í bọ̀." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Màámi ò bá a jà. Ó ní, "Ẹ bá mi gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Mi ò lè dá gbé méjèèjì." Ó pe Wàsíù lórí fóònù ní Ìbàdàn pé a ń bọ̀. Àlájà bú sẹ́kún, ó wọlé, ó sì pọn Kẹ́hìndé.

Ó pẹ́ lójú mi kí mọ́tò tó dé Ìbàdàn. Gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́ ni èémí mi ń já. Wàsíù ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tó ń na ọrùn wo gbogbo mọ́tò tó bá yà wọlé. Èrò pọ̀ lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, wọ́n sì tún pọ̀ lórí bẹ́ńṣì níbi tí a ti ń dúró de dókítà. Àwọn aláìsàn tó rí wa ń dìde láti kí ìbejì. "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ kú orí ire!" Gbogbo wọn ń wo ojú àwọn ọmọ, mo sì fẹ́ dá wọn lóhùn, àmọ́ mi ò lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ kí n tó mí. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ gbọ́ bí mo ṣe ń mí ju bó ṣe gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ó dúró. Ó ní, "Màmá ìbejì, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́." Ó lọ mú kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá, ó tì mí kọjá gbogbo ìlà. Kò sí ẹni tó ráhùn lórí bẹ́ńṣì yẹn.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí mi nímú. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Dókítà, ọmọbìnrin kan tí mo lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún, jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní ọkàn mi ló ti rẹ̀. Ó ní ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, bí ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga. Oyún àti ìbímọ ti mú tèmi rẹ̀ débi pé kò lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tí omi fi dúró sí mi lẹ́sẹ̀, tó sì dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró mi.

"Ṣé àgbo ló fà á ni?" Wàsíù bi í.

"Rárá, sà. Àgbo ò ràn án lọ́wọ́, àmọ́ òun kọ́ ló fà á. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ó máa ń ṣe àwọn ìyá kan tí wọ́n bá bímọ, ó sì tún sún mọ́ ìyá ìbejì ju àwọn yòókù lọ. Ẹ ti ń pẹ́, àmọ́ ẹ dé."

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó dùn mí ju àìsàn lọ. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fún àwọn ọmọ lọ́mú mọ́, pé agbára tí ara mi fi ń ṣe omi ọmú, ọkàn mi ò ní in, oògùn tí wọ́n sì fẹ́ fún mi, kò dára fọ́mọ. Àti pé àwọn ọmọ ò lè bá mi sùn ní wọ́ọ̀dù àgbàlagbà.

"Dókítà, ẹ jẹ́ kí n fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Dókítà wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. "Kí abẹ́rẹ́ tó dé, ẹ fún wọn," ó ní. "Ẹ má pẹ́."

Màámi gbé Táíwò sọ́tùn-ún, Àlájà gbé Kẹ́hìndé sósì, wọ́n bá mi dì wọ́n mú. Táíwò sáré mu tirẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kẹ́hìndé gbóòórùn mi, ó mí kanlẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ta ara wọn. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé, Kẹ́hìndé ti sùn, ìka mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màámi ló rọra tú u, ìka kan lẹ́yìn ìka kan.

Wàsíù bá Màámi kó wọn lọ sí Ìlọrà. Àlájà fẹ́ kó wọn lọ sí Fìdítì, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sí ẹni tó máa dúró tì mí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní òun ni. Ẹni tí ẹ̀rù ọsibítù ń bà jù nínú wa ló tẹ́ ẹní sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ohun tó tẹ̀ lé e. Oògùn ń jẹ́ kí n máa tọ̀ gan-an, ẹsẹ̀ mi ń lọ sílẹ̀, èémí mi ń padà bọ̀. Gbogbo ẹni tó bá wò mí ló ń sọ pé ara mi ń yá. Àmọ́ ọmú mi ò mọ̀ pé àwọn ọmọ ti lọ. Bí àkókò tí wọ́n máa ń jẹun bá ti tó, á kún, á le, á sì máa ro lára aṣọ mi. Bí ọmọ ẹlòmíì bá ké ní ojú fèrèsé, ó ń ro. Àlájà bá mi fi gèlè di àyà mi gírígírí kí omi ọmú náà lè gbẹ. Ó ń dì í, ó ń sunkún. Èmi náà ń sunkún. Ọjọ́ tó gbẹ ló dùn mí jù. Títí di ìgbà yẹn, ó ṣì dà bíi pé nǹkan kan lára mi ń dúró dè wọ́n.

Màámi máa ń pè lọ́sàn-án, á gbé fóònù sí wọn lẹ́nu. Nígbà míì, èémí wọn nìkan ni mò ń gbọ́. Mo máa ń mọ èémí Kẹ́hìndé yàtọ̀.

Mo sọ fún Wàsíù pé kó bá mi mú fìlà Kẹ́hìndé wá láti Ìlọrà. Ó mú un wá lóòótọ́. Ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ti lọ̀ ọ́, ó ń fi hàn mí tayọ̀tayọ̀. Mo gbé e sí imú. Ọṣẹ ni mo gbọ́. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì sáré wá wò mí.

"Kí ni mo ṣe?" Wàsíù ń wo èmi, ó ń wo fìlà.

"Ẹ ti fọ̀ ọ́."

"Ó dọ̀tí ni, Ráfátù."

"Ìdọ̀tí yẹn ni mo fẹ́."

Nígbà tó tún padà wá, ó mú aṣọ méjì wá, ó fi ọ̀rá dì wọ́n pinpin, ó sì ti so ẹnu rẹ̀. Òórùn mílíìkì tó kan wà lára rẹ̀, òórùn òrí, àti èéfín ilé ìdáná Màámi. Mo máa ń tú ọ̀rá náà díẹ̀, màá gbóòórùn, màá tún tètè so ó. Mò ń ṣọ́ ọ lò kó má bàa tán.

Wàsíù ta ọ̀kadà rẹ̀ nítorí oògùn àti àyẹ̀wò, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi sì dáwó jọ. Mo fẹ́ kí ẹni tó wà nínú irú rẹ̀ mọ̀ pé owó á lọ, kó má bàa yà á lẹ́nu. Àmọ́ ìbẹ̀rù ló ju owó lọ. Obìnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀lé tèmi, Ìyá Bísọ́lá ni wọ́n ń pè é. Àìsàn kan náà ni. Ó ti ṣe é nígbà tó bí Bísọ́lá, ara rẹ̀ yá, ó sì fi oògùn sílẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Àbúrò, má jẹ́ kí ara yíyá tàn ọ́ jẹ. Ara tèmi yá débi pé mo jó níbi ìgbéyàwó." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn nọ́ọ̀sì sáré yí i ká, wọ́n sì tì í jáde ní wọ́ọ̀dù tòun ti bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì míì ni wọ́n gbé padà wá síbẹ̀. Mi ò béèrè. Títí di òní, mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já sí, mo sì máa ń ṣe àdúrà fún un bí ẹni tó wà láàyè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Àlájà bó ọsàn fún mi, tí kò fún mi jẹ. Ó kàn ń dì í mú.

"Mo ní àbúrò kan," ó ní. "Ó bímọ, ara rẹ̀ wú báyìí. A fi í sílé, à ń fún un ní àgbo, títí kò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà yẹn la tó gbé e lọ sí ọsibítù. Òkú rẹ̀ la gbé padà. Ọsibítù ni mo ń bínú sí látìgbà yẹn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Àmọ́ àwa la pẹ́, Ráfátù. Àwa la pẹ́ ká tó gbé e lọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè mí lórúkọ. Ìyàwó ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀.

Kí wọ́n tó jẹ́ kí n lọ sílé, dókítà pe èmi àti Wàsíù. Ó ní kí n máa lo oògùn lójoojúmọ́, bí ara bá yá, bí ara ò yá. Kí n dín iyọ̀ kù. Kí n má gbé ẹrù wúwo, kí n má tíì pọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má lóyún mọ́. Bí ẹ bá lóyún míì, a lè má rí yín gbà padà."

Mo ń wo ilẹ̀. Mo ń retí ohun tí Wàsíù máa sọ.

"Dókítà," ó ní, "ọmọ méjì àti ìyàwó kan ni mo ní. Mi ò fẹ́ kí ọ̀kankan dín níbẹ̀."

Ìlọrà ni a gbà lọ. Láti ìgbà tí mọ́tò ti kọjá Fìdítì ni mo ti ń tún gèlè mi ṣe. Mo ti rò ó lóríṣiríṣi bó ṣe máa rí, pé Táíwò á ké, Kẹ́hìndé á gbóòórùn mi. Màámi gbé wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti sanra, ọrùn wọn ti dúró. Mo na ọwọ́ sí Kẹ́hìndé. Ó wò mí bí a ṣe ń wo àlejò, ó yí ojú padà, ó sì fi orí pamọ́ sí èjìká Màámi. Táíwò bú sẹ́kún nígbà tí mo gbé e, ó ń na ọwọ́ sí ìyá mi. Mo gbé e padà fún un. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Wọn ò jẹ̀bi, wọn ò mọ̀ mí ni." Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn.

Èémí tó há ní oògùn. Mi ò mọ oògùn èyí.

Màámi ló mọ bó ṣe máa ṣe é. Lójoojúmọ́, tó bá ti wẹ̀ wọ́n tán, tí wọ́n yó, tí ara tù wọ́n, á tẹ́ ẹní, á ní kí n jókòó, á kó wọn sí mi lẹ́sẹ̀, òun á sì bọ́ síta lọ máa da ẹlùbọ́ rẹ̀ sóòrùn. Wọ́n á ké. Mi ò ní pè é. Màá kàn máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, màá sọ ohunkóhun tó bá wá sí mi lẹ́nu, màá ka ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Nígbà tó yá, wọ́n ń ké díẹ̀ díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Kẹ́hìndé ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó na ọwọ́, ó ki ìka bọ̀ mí lẹ́nu. Mi ò mira. Táíwò rí i pé òun fẹ́ pàdánù nǹkan, òun náà fà mọ́ mi láṣọ. Mo gbójú sókè, mo rí Màámi ní ojú fèrèsé, ó ti fi ẹlùbọ́ sílẹ̀, ó ń fi etí gèlè nu ojú.

Wọ́n ti tó ọmọ tó ń sáré kiri, tó sì ń sọ̀rọ̀ báyìí. Mo ti padà sí Jóbẹ̀lẹ̀, mò ń kọ́ àwọn ọmọ, àmọ́ mo máa ń jókòó nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá dúró. Mo ń lo oògùn láràárọ̀ kí n tó jẹun, mo sì ń lọ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò. Dókítà ní ọkàn mi ti le dáadáa, àmọ́ kò tíì padà bọ̀ sípò tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì lè má padà tán. Mo lè pọn ọmọ kan fún ìgbà díẹ̀. Bí mo bá pọn ọ̀kan, èkejì á dì mọ́ ìró mi, á máa dúró de tirẹ̀.

Ohun kan ń dùn mí tí oògùn ò kàn. Nílẹ̀ wa, bí ìyá ìbejì bá ń kọjá, àdúrà ni: "Ìdòwú á tẹ̀lé wọn láyọ̀ o!" Àwọn kan tiẹ̀ gbà pé bí kò bá bí Ìdòwú, orí rẹ̀ á dàrú. Mo máa ń ṣe àmín, torí a kì í kọ àdúrà. Àmọ́ mo ti rí Ìdòwú yẹn lójú inú mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ó dúdú bíi Wàsíù, ó sì lágídí. Mo máa ń fún un lọ́mú títí tó fi yó, ẹnikẹ́ni ò gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ń fẹ́ ẹ. Mi ò ní purọ́ fún ẹni tó ń ka ìwé yìí pé ìfẹ́ yẹn ti lọ. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Fìdítì, obìnrin kan dì mí mú, ó ní ìgbà wo gan-an ni Ìdòwú ń bọ̀. Kí n tó wí nǹkan kan, Àlájà ti dá a lóhùn láti ẹ̀yìn mi. "Ìdòwú ti dé," ó ní. "Ẹ̀mí ìyá wọn ni Ìdòwú wọn." Obìnrin náà jọ̀wọ́ mi.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọkàn rẹ ti rẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Má fi ojú burúkú wo àwọn tó gbé àgbo wá fún ọ, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Àmọ́ má mu ún. Má fi oògùn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ara bá dá. Bí wọ́n bá gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ, sunkún, kó o sì tún gbé oògùn rẹ mì. Ọmọ tó kọ̀ ọ́ lónìí lè wá bá ọ lọ́la, tó bá bá ọ láàyè.

Lópin ọ̀sẹ̀, a máa ń lọ sí Ìlọrà. Mo máa ń ní kí Màámi sọ àwọn nǹkan tí mi ò rí fún mi, bí Kẹ́hìndé ṣe kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ohun tí Táíwò ń ṣe tó bá jí láàárọ̀. Ó ti sọ wọ́n títí, wọn ò sì dọ́gba mọ́. Lọ́jọ́ kan, adìẹ ni Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín sí. Lọ́jọ́ mìíràn, òjò ni. Mo ń gbà á bó bá ṣe wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, àwọn ìbejì wá jókòó tì wá, wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Kẹ́hìndé fetí sí i títí dé òpin. Ó rò ó díẹ̀, ó sì yíjú sí mi.

"Màmá, níbo lẹ̀yin wà nígbà yẹn?"

Màámi ń wò mí. Ó fẹ́ bá mi dáhùn, mo fi ọwọ́ dá a dúró.

"Ìbàdàn ni mo wà," mo ní. "Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni."